Ó Ti Tán, Àǹtí

Ẹnu ni mo fi ń jẹun. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ka ìpolówó lórí rédíò, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí mi ò polówó rí: ọṣẹ, kànrìnkàn, bẹ́ẹ̀dì, oògùn ikọ́, àní bébà ìnudí. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì tí mo ní, "Ẹ sún díẹ̀ fún mi," àwọn tó wà níwájú á bojú wẹ̀yìn, wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe obìnrin ọlọ́ṣẹ yẹn nìyẹn?" Inú mi a máa dùn, kí n má purọ́. Nítorí náà, ká ní ẹnì kan sọ fún mi pé gbólóhùn kékeré kan, èyí tí ọmọ ọdún méjì ń sọ, ló máa dójú tì mí láàárín ilé wa, ǹ bá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú.

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ṣoṣo, bàtà ló ń ṣe. Kì í ṣe bàtà tí ẹ ó wọ̀ tí ẹ ó máa fi yan kiri o. Bàtà ẹsẹ̀ tó níṣòro ni: ẹsẹ̀ tó wú nítorí àtọ̀gbẹ, ẹsẹ̀ tí ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé ọmọ ìka kan lára rẹ̀. Yàrá gígùn kan ni ilé iṣẹ́ rẹ̀, òórùn gúlùù àti awọ kì í kúrò níbẹ̀, wọ́n sì to ẹsẹ̀ onígi sórí pẹpẹ láti ilẹ̀ dé àjà, ẹsẹ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lábẹ́. Èèyàn méje ló ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà ló ń darí èèyàn sí i tẹ́lẹ̀, torí ilé ìwòsàn ńlá wà lójú títì kejì. Nígbà tí ilé ìwòsàn kó lọ sí òdìkejì ìlú, àwọn oníbàárà bá a lọ. Lọ́jọ́ kan Bọ̀ọ̀dá pè mí, ó ní, "Àbúrò, oṣù mẹ́ta ni mo fún ilé iṣẹ́ yìí. Bí a ò bá rí ogójì bàtà ṣe lọ́sẹ̀, màá ti ilẹ̀kùn." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú.

Jẹ́jẹ́ ló sáré wá bá wa. Àkọ́bí Bọ̀ọ̀dá ni. Láti kékeré la ti ń pè é ní Jẹ́jẹ́, torí kò sí ohun tó ń fi ipá ṣe. Bó bá ti ilẹ̀kùn, ẹ ò ní gbọ́. Ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Ó ní iṣẹ́ òun ni pé kí òun ṣètò ohun tó wà lójú fóònù, kó má baà sú ẹni tó ń lò ó. Mo ní, "Wọ́n ń sanwó fún ìyẹn náà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé báàgì kan, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó ní òun máa ṣe ètò kan sórí fóònù kí èèyàn lè jókòó sí yàrá rẹ̀, kó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, kó yan awọ tó wù ú, ká sì ṣe bàtà náà fún un láìjẹ́ pé ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìpolówó wá di tèmi. Jẹ́jẹ́ máa la ọ̀nà, èmi máa pe èèyàn sójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ ọmọ náà dára, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Èdè wa ló fi ṣe é látòkè délẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kí ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà yí i ká, kí ẹ wá ya ìlà náà ní fọ́tò. Lábẹ́ ẹ̀ ló tún kọ ọ́ sí pé, "Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n o, torí ẹsẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tóbi ju ẹsẹ̀ àárọ̀ lọ." Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá ka ìyẹn, ó yọ awò ojú, ó nu ojú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń sọ ọ́ fún oníbàárà, kò mọ̀ pé ọmọ òun ń gbọ́.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gé awọ. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun ni oníbàárà máa tẹ̀ kí gbogbo ohun tó ti kọ tó lè dé ọ̀dọ̀ wa. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, kò sí bàtà. Jẹ́jẹ́ ti kọ "Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa" sí i lára.

Mo pòṣé. "Ẹ fi kí ni ránṣẹ́? Ṣé a fẹ́ rán wọn níṣẹ́ ni? Jẹ́jẹ́, wò ó. Ẹni tó ti wọn ẹsẹ̀, tó ti yan awọ, tó ti kọ àdírẹ́sì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni pé wàhálà ti parí. Kọ 'Ó ti tán' síbẹ̀. Ó kúrú, ó dùn létí, ó ń fini lọ́kàn balẹ̀."

Ó tẹjú mọ́ ọn. "Àǹtí, mi ò mọ̀ o. Ó ń ṣe mí bákan."

"Bákan báwo?"

"Mi ò tíì lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká pe èèyàn mẹ́wàá tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ká gbé fóònù fún wọn, ká jókòó tì wọ́n, ká máa wò wọ́n. Ká má sọ̀rọ̀."

"Ká má kí ni?"

"Ká má sọ̀rọ̀, mà. Ká kàn máa wò."

Bọ̀ọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi kẹ̀? Kó jókòó, kó má sọ̀rọ̀? Jẹ́jẹ́, ìwọ náà lọ wá iṣẹ́ tó ṣeé ṣe."

Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú, mo wá gbé ìbínú náà lé ọmọ lórí. Mo ní àárọ̀ Mọ́ńdè ni ìpolówó mi máa bẹ̀rẹ̀, mi ò ní torí ẹni mẹ́wàá tí mi ò mọ̀ rí dá rédíò dúró. "Ta ni kò mọ ìtumọ̀ 'ó ti tán'? Ọmọ ọdún méjì tó jẹ bísíkíìtì, tó wá ṣí ọwọ́ méjèèjì hàn ẹ́, kí ló ń sọ? Ó ti tán! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ ni mo ń tà jẹun kí wọ́n tó bí ẹ."

Jẹ́jẹ́ wolẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ kọ́ ló mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó ń kà á ni."

Mo ní ṣé èébú nìyẹn. Ó ní rárá o, mà. Ó pa tirẹ̀ rẹ́, ó kọ tèmi síbẹ̀.

Ìpolówó mi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí n má ṣe àbùmọ́, mi ò tíì kọ èyí tó dára tó o rí. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró bàtà tó ń rìn lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, kò, kò, kò, mo wá ní, "Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti gbàgbé bí ìrìn ṣe ń dùn mọ́ ẹsẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ni wọ́n ń gbé e. A tún lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ara ògiri gbogbo ilé ìwòsàn tó gbà fún wa. Àwọn èèyàn wá. Ẹ gbọ́, wọ́n wọ́! Jẹ́jẹ́ lè fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí iye ẹni tó wọlé àti ibi tí kálukú dé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn wọlé. Ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn wọn ẹsẹ̀, wọ́n yan awọ, wọ́n kọ àdírẹ́sì, wọ́n dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ẹ mọ iye tó tẹ bọ́tìnnì? Mẹ́sàn-án. Méjì nínú mẹ́sàn-án yẹn, àwa fúnra wa la fi dán an wò.

Mo ní ìpolówó ò tíì tó ni. A sọ ẹ̀ẹ̀mẹfà di ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ọ̀sẹ̀ kejì, èèyàn pọ̀ sí i, bọ́tìnnì náà ò yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbá ilẹ̀ tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń rán bàtà ti ń béèrè iṣẹ́ níbòmíràn, ó rò pé a ò mọ̀.

Jẹ́jẹ́ bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, gbogbo wọn ló ń dúró síwájú bọ́tìnnì yẹn, wọ́n á wò ó, wọ́n á wá lọ. Ẹ jẹ́ ká yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà fún ọjọ́ kan péré. Bí mo bá ṣì í, ẹ bú mi."

Ǹjẹ́ kí ló ṣòro nínú ọjọ́ kan? Mo ń bi ara mi títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ohun tí mo gbọ́ ni pé ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ń sọ pé mi ò mọ iṣẹ́ mi. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ mi ló ń kó wọn wá, ọ̀rọ̀ mi náà ni yóò tún máa lé wọn?" Mo kọjá lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni mo lọ tààrà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìpolówó mi ń kó èèyàn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ bi ara yín pé ta ló ń lé wọn padà. Ọmọ yín ń fi ilé iṣẹ́ yín kọ́ṣẹ́ ni."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá kì í pariwo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lójú gbogbo wa, ó ní, "Jẹ́jẹ́, o ti gbìyànjú. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ." Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tó fẹ́ padà sí, wọ́n ti gba ẹlòmíràn. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó gbé báàgì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìwé eléwé púpọ̀ kan ló fi sílẹ̀ lórí tábìlì, ó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan síbẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé rẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá, ò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá wọlé, á rántí ohun tó gbàgbé sí yàrá kejì.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù mẹ́ta pé. Orí ń fọ́ mi lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Fúráìdè mo gba ilé ìwòsàn lọ, wọ́n ní ìfúnpá mi ga, wọ́n ní kí n dúró. Abẹ́ ìwé ìpolówó ara mi ni àga tó ṣófo wà, mo bá jókòó. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, tẹmómítà onígíláàsì ló ṣì ń lò. Ó tì í bọ̀ mí lábẹ́ ahọ́n, ó ní, "Ẹ pa ẹnu dé. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má sọ̀rọ̀ o."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí mi mú jókòó láìsọ̀rọ̀.

Bàbá kan jókòó tì mí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ṣì dé fìlà iṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wú, ó ti fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ ṣílípáàsì kó lè rí ẹsẹ̀ kì bọ̀ ọ́, ó sì fi báńdéèjì so ó pọ̀. Ó gbójú sókè wo ìwé ìpolówó mi, ó yọ fóònù. Ó tún fa bébà kan tó ká mẹ́rin yọ lápò. Ìlà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó sì ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ìrọ̀lẹ́ àná." Ó ya bébà náà ní fọ́tò. Ó yan awọ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó yí èrò padà, ó yan dúdú. Ó fi ìka kan ṣoṣo kọ àdírẹ́sì rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, ètè rẹ̀ ń mì. Mo ń wò ó. Inú mi ń dùn, mo ń sọ nínú ara mi pé, ó kù díẹ̀, bàbá, ẹ ti débẹ̀.

Ó dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ó ka bọ́tìnnì náà sókè: "Ó ti tán." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ó tún ti tán."

Obìnrin tó wà lápá kejì rẹ̀ ní, "Bàtà orí rédíò yẹn ni? Ẹ má da ara yín láàmú, bàbá. Ìyá ọkọ mi gbìyànjú ẹ̀ títí. Èyíkéyìí tó bá yàn, wọ́n á ní ó ti tán."

"Kí ló wá dé tí wọ́n ń pariwo nígbà tí wọn ò lọ́jà?"

"Nọ́ńbà wa ni wọ́n fẹ́ gbà. Ojúlówó gbájúẹ̀ ni wọ́n."

Tẹmómítà wà lẹ́nu mi. Mo rí ọmọ ọdún méjì mi yẹn, ọmọ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, tó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti tán. Bísíkíìtì ti tán. Bàtà ti tán. Kò sí mọ́. Gbogbo ẹgbẹ̀rún èèyàn yẹn, èmi ni mo fi ohùn dídùn pè wọ́n, èmi náà ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà tí mo ń sọ fún wọn pé ọjà ti tán, kí wọ́n máa lọ sílé. Bí mo ṣe ń polówó sí i ni mo ń lé wọn sí i.

Mo yọ tẹmómítà. "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò tíì tán, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Kí ni kí n tẹ̀? Ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà." Lẹ́yìn náà ló wá yí ojú sí mi. "Ohùn yìí. Ẹ̀yin ni."

Mi ò lè sẹ́.

Inú rẹ̀ ò dùn bíi tàwọn ará inú bọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ìyàwó mi ló gbọ́ yín. Ó ní obìnrin tó ní irú ohùn yẹn ò lè parọ́ fúnni." Ó tú báńdéèjì díẹ̀ kí n lè rí i. Ibi tí ṣílípáàsì ti ń ha á ti di egbò. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń gbìyànjú."

Ìka ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ ló jáde: "A ti gbà á. Ẹ ṣeun, bàtà yín ti wà lọ́wọ́." Nọ́ọ̀sì ní mo ti ba ìwọ̀n jẹ́, pé ká tún un ṣe. Mo ti jáde.

Ìwé Jẹ́jẹ́ ṣì wà lórí tábìlì níbi tó fi í sí. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: "Fún Àǹtí, bí ẹ bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan padà." Ó to ohun tí n ó ṣe lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Ó ti mọ̀ pé lọ́jọ́ kan màá wá a wá. Mo pa "Ó ti tán" rẹ́, mo kọ "Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa," ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ogún èèyàn ti fi ránṣẹ́. Nígbà tó máa fi di Mọ́ńdè, wọ́n ti tó àádọ́rin. Bọ̀ọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹsẹ̀ onígi sínú páálí, ó tún ń kó wọn jáde, ó ń kọrin. Ó gbá mi lẹ́yìn lójú àwọn òṣìṣẹ́. "Ẹnu àbúrò mi ni Ọlọ́run fi gbà wá! Ẹ ò rí i? Ọmọ yẹn ló ń dí wa lọ́wọ́, mi ò tètè mọ̀." Ó da tíì sí ife tirẹ̀ gan-an, ó gbé e fún mi.

Mo mu ún. Ẹnu tí kì í sinmi, ó wá dákẹ́. Mo ní kí ariwo ọjà rọlẹ̀ ná, màá sọ ọ́. Mo ní ṣebí ilé iṣẹ́ ni gbogbo wa fẹ́ kó yè, ó sì ti yè. Mo ní àgbà ni mí. Mo ní oríṣiríṣi.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, bébà awakọ̀ náà dé orí tábìlì; wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti ara kọ̀ǹpútà. Bọ̀ọ̀dá gbé e sókè síbi iná. "Ẹ wo ẹni tó gbọ́n! 'Ìrọ̀lẹ́ àná.' Ta ló kọ́ ọ pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wọn ẹsẹ̀?" Ó ti gbàgbé ohun tó mú un nu ojú lọ́jọ́sí.

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé oúnjẹ wá. Ó ní, "Ọmọ mi ló kọ ọ́ síbẹ̀." Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó yí padà.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo dìde. Mo ní, "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́ má tíì lọ." Mo sọ gbogbo rẹ̀ níṣojú àwọn òṣìṣẹ́ méjèèje: ọ̀rọ̀ tí mo kọ, ọjọ́ kan tí Jẹ́jẹ́ bẹ̀ mí fún, ohun tí mo lọ sọ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, bàbá awakọ̀, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ "Fún Àǹtí" sí. Ẹ̀rọ ìránbàtà dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ò mọ ibi tí wọ́n máa gbójú sí.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Fúráìdè."

"Òní ńkọ́?"

"Túsìdeè."

"Ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin lo fi jẹ́ kí n máa bú ọmọ mi létí àwọn òṣìṣẹ́, o sì ń fi ife mi mu tíì." Ó jókòó. Ó darúgbó lójú mi lójú ẹsẹ̀. "Èmi ni mo ní kó máa lọ o. Mi ò ní ẹnu tí mo fẹ́ fi pè é. Ìwọ lo fi ẹnu lé e. Fi ẹnu pè é padà."

Mo pè é. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ gùn bí ìpolówó ìṣẹ́jú kan, mo kà á, ẹ̀tàn ló kún inú ẹ̀, mo pa á rẹ́. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ nìyí: "Jẹ́jẹ́, bọ́tìnnì yẹn, èmi ni mo ṣẹ̀. O sọ fún mi, mi ò gbọ́. Mo lọ fẹ̀sùn kàn ẹ́ lọ́dọ̀ bàbá ẹ, ẹ̀sùn èké. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Èsì ò dé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ó kúrú.

"Ó ti tán, Àǹtí."

Mo kà á ní ìdúró, mo kà á ní ìjókòó. Mo gbé e fún Bọ̀ọ̀dá, mi ò sọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ tàn. "Ọmọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ó ti dárí jì ẹ́." Mo gbé e fún ìyá rẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Ó kà á, ó bo ẹnu, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ó ti tán bí? Kò bá wa ṣe mọ́ nìyẹn." Mo gbé e yí ká ilé iṣẹ́, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé awọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà. Àwọn kan ní inú rẹ̀ ti rọ̀. Àwọn kan ní kí n gba kádàrá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kà o. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú fóònù kì í ṣe ojú. Mo wá mọ bó ṣe rí fún bàbá awakọ̀, kéèyàn tẹjú mọ́ gbólóhùn kan tó fẹ́ gbà gbọ́, kó má mọ̀ bóyá wọ́n ń pe òun wọlé ni àbí wọ́n ń lé òun.

Mo fẹ́ gba ibùdókọ̀ lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà ni mo ronú pé ìyẹn náà, ariwo ni. N ó kàn lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ìpolówó ni. Mo jókòó, mo kọ ọ́ bó ṣe máa kọ ọ́, kó má sí ohun tó lọ́: "Mo fẹ́ wá rí ẹ. Bí o bá fẹ́, kọ: Ẹ máa bọ̀. Bí o ò bá fẹ́, kọ: Ẹ má wá. Èyí tó wù kó jẹ́, mi ò ní bínú."

Ọ̀sán lọ. Wọ́n kó bàtà awakọ̀ sínú páálí, dúdú, ó fẹ̀ níwájú, ó rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ. Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ló so ó. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránbàtà dákẹ́ díẹ̀ ni fóònù mi gbọ̀n lórí tábìlì.

"Ẹ má tíì wá."

Mi ò fi ìyẹn sí i. Ohun méjì péré ni mo gbé síwájú rẹ̀, kò tẹ èyíkéyìí nínú wọn, ó kọ tirẹ̀. Ó yé mi yékéyéké, mi ò ní láti gbé e yí ká fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé kí ló wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nìyẹn. Mo fi hàn án. Ó fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a gbé fóònù náà sáàárín wa, a ń wò ó. Mi ò sọ̀rọ̀.